Okùn Tí Ó So Wọ́n Pọ̀: Ìrántí Tenzing Norgay

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ní ìparí oṣù Karùn-ún

 

Nínú ìwé tí akọ̀wé yín fi ránṣẹ́ sí wa, ó ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí “Ojúṣe Ọmọ Ẹgbẹ́”. A ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn kárí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Àwọn kan nínú yín ti gbọ́ ọ lẹ́nu wa tó ẹ̀ẹ̀mẹta, a sì ti ṣàkíyèsí pé oorun ni ẹ fi gbọ́ ẹ̀ẹ̀kẹta. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda fún wa kí a gba ọ̀nà mìíràn yọ lónìí. Ọkùnrin kan ni a fẹ́ rántí. Ìta gbangba ni ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́, lórí òkè, nínú òtútù tí ó lè gé ìka ẹsẹ̀ ènìyàn dànù. Orúkọ rẹ̀ ni Tenzing Norgay. Òun àti Edmund Hillary, ọmọ New Zealand, ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ dájú pé ó dé téńté Òkè Everest, òkè tí ó ga jùlọ láyé. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1953 ni.

Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn bá dárúkọ ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni ó máa ń wá sọ́kàn, nítorí ọjọ́ náà ni ìjọba alágbádá padà dé ní 1999. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣèlú sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a mọ bí òkè náà ti ga tó. Ọ̀pọ̀ yín ti dé Ìdànrè. Ẹ ti gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta yẹn lọ sí ìlú àtijọ́, ẹ sì mọ bí orúnkún ti máa ń gbọ̀n nígbà tí a bá dókè. Àwọn òkè Ìdànrè kò ju nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ láti ojú òkun. Everest jẹ́ 29,032 ẹsẹ̀ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìjọba Nepal àti ti Ṣáínà ti jọ kéde rẹ̀ ní 2020. Bí a bá to Ìdànrè mẹ́sàn-án léra, a kò tíì débẹ̀. Níbi tí ó ga tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń rí mí kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ìsàlẹ̀ níhìn-ín lọ. Ènìyàn á gbé ẹsẹ̀ kan, á dúró, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ó sáré láti oko dé ilé, kí ó tó gbé èkejì.

Inú ìwé ni a ti kọ́kọ́ pàdé ọkùnrin yìí, nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì tí à ń kọ́ ìṣirò owó ẹgbẹ́. Ìwé ìtàn ayé rẹ̀, tí ó jáde ní 1955, wà ní ilé ìkàwé wọn. Ó ti gbó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti já. Tenzing kò mọ̀ ọ́n kọ, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ẹnu ni ó fi ròyìn, James Ramsey Ullman, ọmọ Amẹ́ríkà, sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òru méjì ni a fi kà á tán. A yege nínú ìdánwò ìṣirò tí ó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ẹ má bi wá ní iye máàkì tí a gbà.

Nǹkan bí ọdún 1914 ni wọ́n bí Tenzing. Kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ bàbá wa tí à ń fi ọdún ogun tàbí ọdún ìjẹ oyè ọba ṣírò ọjọ́ orí wọn. Lẹ́yìn tí ó gun Everest tán ni ó mú ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ṣe ọjọ́ ìbí. Namgyal Wangdi ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, kí àlùfáà ńlá kan tó ní kí wọ́n yí i padà sí Tenzing Norgay, orúkọ tí ó ní ọrọ̀ àti oríire nínú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orúkọ a máa ro ọmọ. Òun ni ìkọkànlá nínú ọmọ mẹ́tàlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì dàgbà.

Ẹ̀yà Sherpa ni, àwọn ènìyàn tí ń gbé láàárín àwọn òkè Himalaya ní Nepal. Abúlé Thame ni ó ti dàgbà. Darandaran ni bàbá rẹ̀. Màlúù onírun gígùn tí wọ́n ń pè ní yak ni ó ń sìn, Tenzing ni ó sì ń dà wọ́n lọ jẹko ní orí òkè. Láti ibẹ̀ ni ó ti máa ń wo òkè ńlá náà lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ ní Everest, orúkọ awọ̀nlẹ̀ kan tí ó ti ṣiṣẹ́ fún wọn ní Índíà. Chomolungma ni àwọn onílé ń pè é. Ìyá Tenzing sọ fún un pé òkè náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ kankan kò lè fò ré e kọjá. Bí ọmọdé bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀kan nínú méjì ni: yálà kí ó bẹ̀rù, tàbí kí ó máa wo òkè náà lójoojúmọ́ kí ó sì máa ṣírò ọ̀nà. Tenzing ń ṣírò.

Wọ́n fi í sí ilé ìsìn Tengboche kí ó lè di àlùfáà. Kò bá a lára mu, ó padà sílé. Nígbà tí ó di bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá ó sá lọ sí Kathmandu, àárò ilé sì fà á padà. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún méjìdínlógún ó tún sá, ó kọjá sí Darjeeling ní Índíà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti máa ń kó aláàárù jọ bí wọ́n bá ń lọ gun òkè. (A kò sọ fún àwọn ọmọ tí ó wà níhìn-ín pé kí wọ́n sá nílé o.)

Ẹ wò ó dáadáa. Àlá rẹ̀ ni pé kí ó gun òkè. Iṣẹ́ tí ó rí ni pé kí ó ru ẹrù ẹni tí ń gun òkè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdé tí ó ní kò sí nínú ohun tí òun ń wá, tí ó sì padà sílé lọ jókòó. Òun tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀, wọ́n di ẹrù lé e.

Ní 1935, ọdún kan náà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà, Eric Shipton ń kó aláàárù jọ fún Everest. Ó ti mú iye tí ó fẹ́ kí méjì nínú wọn tó kùnà níwájú dókítà. Ó wá wo àwọn tí ó kù lórí ìlà. Tenzing wà níbẹ̀, ọmọ ogún ọdún, kò tíì ru ẹrù lọ sí òkè ńlá kankan rí. Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ ni Shipton rí tí ó fi mú un. Àwa tí a máa ń jókòó gba ènìyàn sí iṣẹ́, a mọ̀ pé èyí kò sí nínú ìlànà.

Ó padà lọ ní 1936. Ó padà lọ ní 1938, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Ẹkùn, èyí tí wọ́n ń fún aláàárù tí ó bá ru ẹrù dé ibi gíga jù. Ogun Hitler dé, ohun gbogbo dúró. Ní 1947 ó tẹ̀lé Earl Denman, tí wọ́n bí ní Kánádà; wọn kò gba ìwé àṣẹ, owó wọn kò tó, aṣọ wọn kò tó, òtútù sì lé wọn padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin nìyẹn, kò sì tíì rí téńté òkè náà bí kò ṣe láti ìsàlẹ̀.

Àwọn ará Switzerland ni ó kọ́kọ́ ṣe é yàtọ̀. Ní 1952 wọ́n gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn agunkè gan-an, yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ olórí àwọn aláàárù. Wọ́n so òun àti Raymond Lambert pọ̀ mọ́ okùn kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ nípa Lambert díẹ̀, nítorí a fẹ́ràn rẹ̀. Òtútù orí òkè ti gba gbogbo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní 1938, ó sì tún padà sí orí òkè. Èdè méjèèjì kò bára mu; ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń sọ èyí tí ó pọ̀ jù. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, wọ́n wà nínú àgọ́ kékeré kan ní nǹkan bí 27,500 ẹsẹ̀ bàtà, láìsí àpò ìsùn, láìsí sítóòfù. Iná àbẹ́là ni wọ́n fi yọ́ yìnyín kí wọ́n tó rí omi bọ́ sẹ́nu. Wọn kò sùn. Ṣe ni wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ara wọn títí ilẹ̀ fi mọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Ní ọjọ́ kejì wọ́n gòkè kọjá 28,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó ga ju ibi tí a mọ̀ dájú pé ẹnikẹ́ni ti dé rí lọ. Ó ku bí 800. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì yí padà. Bí wọ́n bá tẹ̀ síwájú, bóyá wọ́n á dé òkè, ṣùgbọ́n wọn kò ní padà wá.

Ní ìparí ọdún kan náà wọ́n tún gbìyànjú. Ìjì àti òtútù kò gbà fún wọn, Sherpa kan sì kú. Nígbà tí wọ́n máa pínyà, Lambert fún Tenzing ní ìborùn pupa rẹ̀. Ẹ fi ìborùn yẹn sọ́kàn.

Ọdún 1953 ni ìgbà keje. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó wá, John Hunt sì ni olórí wọn. Nígbà tí wọ́n péjọ ní Kathmandu, inú ilé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òyìnbó sùn. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tí kò ní ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n fi àwọn Sherpa sí. Tenzing ní yàrá nínú ilé ńlá, ṣùgbọ́n ó lọ sùn lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn Sherpa tò sí ojú ọ̀nà níwájú ilé náà ní gbangba, ìròyìn sì gbé e. A kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú ọ́fíìsì wa. Ṣùgbọ́n bí a bá rántí ẹni tí ó ti ru ẹrù yín kọjá odò àti àfonífojì, ó yẹ kí a rántí ibi tí yóò sùn pẹ̀lú.

Aláàárù 362 ni ó ru ẹrù ìrìn àjò náà, bí ẹgbàárùn-ún pọ́n-ùn, kí wọ́n tó dé ẹsẹ̀ òkè. Ẹ kíyè sí iye yẹn. Ènìyàn méjì ni ayé mọ̀.

Bí Hillary àti Tenzing ṣe di ọ̀rẹ́ orí okùn nìyí. Wọ́n ń bọ̀ láti inú ibi tí yìnyín ti ya bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún lósì. Hillary fò, yìnyín já lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń bọ́ lọ sínú ọ̀gbun. Tenzing gún àáké rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lọ́ okùn mọ́ ọn, okùn náà sì mú. Ẹ̀yin tí ẹ ti fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ó yá owó, ẹ mọ ohun tí okùn yẹn jẹ́. Bí ẹni iwájú bá já bọ́, ọ̀dọ̀ ẹni ẹ̀yìn ni ó ń fà lọ. Láti ọjọ́ náà ni Hillary ti fẹ́ kí òun àti Tenzing jọ máa rìn.

Síbẹ̀, kì í ṣe àwọn ni Hunt kọ́kọ́ rán. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, Tom Bourdillon àti Charles Evans ni ó lọ. Wọ́n dé orí òkè tí ó ṣáájú téńté gan-an, ó ku bí 300 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n gbé sẹ́yìn ń yọ wọ́n lẹ́nu, ọjọ́ sì ti ń lọ. Wọ́n padà. Ohun tí wọ́n rí lọ́nà, wọ́n ròyìn rẹ̀ fún àwọn tí ó kàn.

Ní ọjọ́ 28, George Lowe, Alfred Gregory àti Sherpa kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ang Nyima bá Hillary àti Tenzing ru ẹrù dé 27,900 ẹsẹ̀ bàtà. Àwọn mẹ́ta yìí sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n padà sí ìsàlẹ̀. Àwọn méjì pàgọ́, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Ní òwúrọ̀, bàtà Hillary ti dì gbagidi bí òkúta, nítorí pé ó fi í sí ìta. Wákàtí méjì ni ó fi yá a lórí iná sítóòfù. Tenzing kò bọ́ tirẹ̀. (Ẹni tí ó dàgbà nínú òtútù nìyẹn.) Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n gbéra. Wọ́n bá ògiri àpáta kan pàdé, bí 40 ẹsẹ̀ bàtà, tí kò sí ibi tí ẹsẹ̀ yóò dúró. Hillary há ara rẹ̀ sáàárín àpáta àti yìnyín, ó ń fi ẹ̀yìn àti orúnkún wọ́ gòkè, Tenzing sì di okùn mú nísàlẹ̀. Nígbà tí ó dókè, òun náà di okùn mú, Tenzing sì tẹ̀lé e.

Ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ òwúrọ̀, kò sí òkè mọ́ níwájú wọn. Hillary na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà òyìnbó. Tenzing gbá a mọ́ra. Ìborùn pupa Lambert wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n lò. Tenzing gbẹ́ ihò kékeré sínú yìnyín, ó kó oúnjẹ aládùn díẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ọrẹ, ó sì fi pẹ́ńsù kékeré kan tì í, èyí tí ọmọbìnrin rẹ̀ Nima fún un láti ilé. Hillary ya fọ́tò rẹ̀ bí ó ti gbé àáké yìnyín sókè pẹ̀lú àsíá mẹ́rin: ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Nepal, ti Índíà. Kò sí fọ́tò Hillary kankan lórí téńté Everest ní ọjọ́ náà. Ẹni tí gbogbo ayé rí níbẹ̀ ni aláàárù àná.

Ìròyìn dé London ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí wọ́n dé Ọbabìnrin Elizabeth ládé. Ibí yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ibí yìí sì ni ohun tí ó gbé wa wá lónìí wà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń bi wọ́n: ta ni ó kọ́kọ́ tẹ orí rẹ̀? Nígbà tí wọ́n wọ Kathmandu, àwọn èrò gbé àwòrán kiri tí ó fi hàn pé Tenzing ni ó dúró lórí téńté, tí ó sì ń fi okùn fa Hillary bí ẹrù. Nepal ní ọmọ àwọn ni, Índíà ní ọmọ àwọn ni. Àwọn ará London ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Tenzing kàn ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn ni. Lẹ́yìn náà Ọbabìnrin fi Hillary àti Hunt joyè Sir. Àmì-ẹ̀yẹ George Medal ni wọ́n fún Tenzing. Àwọn ènìyàn kùn sí i, kíkùn náà kò sì tán dòní.

Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe nìyí. Wọ́n jókòó ní ọ́fíìsì olórí ìjọba Nepal, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ní 1955 ni Tenzing fúnra rẹ̀ wá sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fi ipá mú un: Hillary ni ó wà níwájú lórí okùn, òun sì tẹ̀lé e ní ìṣísẹ̀ mélòó kan. Kò fi ṣe ìtìjú. Àwọn tí ó ti gun òkè rí, lójú tiwọn, ìbéèrè òpè ni. Ẹni méjì tí okùn kan so pọ̀, tí ẹni kan bá dé, wọ́n dé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú tiwa rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ẹgbẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ́ ilé tí wọn yóò máa kó kòkó sí. Ilé náà dára, ilẹ̀ rẹ̀ dán, òjò kò jò ó. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣí i, ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí òkúta tí wọn yóò fi kọ orúkọ sára ògiri. Alága ní òun ni òun tọrọ ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹbí tí ó ni ín. Akọ̀wé ní òun ni òun ń rìn sí ilé ìfowópamọ́ títí owó fi jáde. Orúkọ ta ni yóò ṣáájú? Ọ̀rọ̀ náà wọ mọ́ṣáláṣí, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ ilé ọkọ àti aya.

Wọ́n pè wá. A gun alùpùpù débẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. A tú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé láti ojú ewé kìíní, a tú rìsíìtì, a wá gbé ìdájọ́ kalẹ̀: kí wọ́n kọ orúkọ méjèèjì sórí ìlà kan náà, kí lẹ́tà wọn sì dọ́gba. A rò pé a gbọ́n. Nígbà tí a kà á tán, ìyá àgbàlagbà kan dìde lẹ́yìn, ó ní, “Ẹ ṣeun, ọ̀gá ìnsípẹ́kítọ̀. Ta ni ó pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì yẹn?”

Ilé dákẹ́. Odò ibẹ̀ jìn ju máìlì kan lọ. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ni ó pọn omi náà ní odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan, kò sì sí ojú ewé kan tí ó sọ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìwé tí a tú. Kò yani lẹ́nu. Àwa gan-an, nínú ìròyìn àbẹ̀wò tí a kọ ní ọdún tí ó ṣáájú, ohun tí a kọ ni pé alága àti akọ̀wé ti kọ́ ilé tí ó dára. Ọwọ́ wa ni a fi kọ ọ́, a sì rí i níbẹ̀ ní ọjọ́ náà nígbà tí a ṣí fáìlì. A tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ìdajì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń yọ owó wọn. Ilé náà ṣì wà, kòkó tí ó ń wọ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, òkúta orúkọ náà sì wà lọ́dọ̀ bíríkìlà nígbà tí a gbọ́ kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Tenzing. Ní 1954 wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ òkè gígun sílẹ̀ ní Darjeeling, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Nehru, olórí ìjọba Índíà, wọ́n sì fi Tenzing ṣe ọ̀gá àkọ́kọ́ fún ẹ̀kọ́ orí òkè. Ẹni tí kò mọ ìwé kà ni ó di olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń so okùn, bí a ti ń gún àáké mọ́lẹ̀, àti ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn yí padà. Ó kú ní Darjeeling ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 1986. Ọmọ rẹ̀ Jamling gun Everest ní 1996. Hillary ní tirẹ̀ padà sí ilẹ̀ àwọn Sherpa láti bá wọn kọ́ ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn; ilé-ìwé Khumjung ni àkọ́kọ́, ní 1961.

A kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2014, yìnyín ya lu àwọn ọmọ Nepal tí wọ́n ń ru ẹrù àwọn agunkè kọjá ní Everest, àwọn mẹ́rìndínlógún sì kú ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tí ìjọba kọ́kọ́ fi lọ ẹbí kọ̀ọ̀kan kò ju bí 400 dọ́là lọ. Àwọn Sherpa tí ó kù kọ̀, wọn kò gun òkè mọ́ lọ́dún náà, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó adójútòfò. Bí a bá ń ka ètò owó ìrànwọ́ ẹgbẹ́ yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹnìkan bá ní owó tí à ń yọ́ sílẹ̀ fún ẹbí olóògbé ti pọ̀ jù, ẹ jọ̀wọ́, kí ó fún wa ní àyè kí a dìde.

Kí a tó jókòó, orúkọ mẹ́ta ni a fẹ́ kà, nítorí ìyá àgbàlagbà yẹn. Annullu: ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1953, òun àti Wilfrid Noyce ni wọ́n kọ́kọ́ la ọ̀nà dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí wọ́n ń pè ní South Col, kí àwọn yòókù tó lè kọjá. Da Namgyal: ní ọjọ́ 26, òun àti Hunt ru ẹrù dé ibi tí ó lé ní 27,000 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ang Nyima: ní ọjọ́ 28, ó ru ẹrù dé ibi àgọ́ tí ó kẹ́yìn, ó sọ ọ́, ó sì padà sí ìsàlẹ̀.

 Akápò ti gbé ìwé owó wá, ó ń dúró dè wá.